Ìgbé Ayé Lẹ́bàá Ojú Irin ní Abidjan

Bí àlejò bá dé Abobo, ní apá àríwá ìlú Abidjan ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, tí ó sì ń béèrè ọ̀nà, kò ní pẹ́ kí ó tó gbọ́ orúkọ àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Derrière-Rails. Ní èdè wa, ìtumọ̀ rẹ̀ ni Ẹ̀yìn Ojú Irin. Àdúgbò mìíràn tún wà tí ó ń jẹ́ Abobo-Gare, èyíinì ni Abobo ti Ibùdó Ọkọ̀ Ojú Irin. Ní ilẹ̀ Yorùbá, a máa ń fi orúkọ baálé, igi, odò tàbí ọjà pe àdúgbò. Níbẹ̀, irin ni wọ́n fi pe ilẹ̀, nítorí pé irin ti wà níbẹ̀ kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé tó dé.

Mo gbé ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi, ẹni tí mo ń pè ní Bàbá Kékeré. Agboolé kan ni, ìdílé mẹ́fà ni ó ń gbé inú rẹ̀, àgbàlá kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì ń lò. Láti ẹnu ọ̀nà yàrá wa títí dé ibi ọ̀pá irin àkọ́kọ́, ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá péré ni. Nígbà tí mo dé kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi gbọ́ èyí, ìbéèrè kan náà ni ó ń jáde lẹ́nu gbogbo wọn: «Báwo ni ènìyàn ṣe ń sùn níbẹ̀?» Ìdáhùn tí àwọn ará àdúgbò ojú irin máa ń fún ẹni tí ó bá béèrè ni pé ó máa ń mọ́ni lára. Òtítọ́ ni ìdáhùn náà, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni. Ìdajì tí ó kù ni mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín, nítorí pé ó kan àwọn ọmọ tí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ yóò máa kọ́ lọ́jọ́ iwájú.

BÍ IRIN ṢE ṢÁÁJÚ ILÉ

Kí a tó lè mọ ìdí tí ènìyàn fi ń kọ́lé sí etí irin, ó yẹ kí a mọ bí irin ṣe dé ibẹ̀. Ní ọdún 1904 ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rélùwéè láti Abidjan lọ sí àríwá. Nígbà náà, Abidjan kì í ṣe olú ìlú. Bingerville ni olú ìlú láti ọdún 1900, abúlé àwọn Ébrié létí ọ̀sà sì ni Abidjan jẹ́. Iṣẹ́ àfipáṣe ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó la igbó náà ṣe, òfin kò sì fi òpin sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso títí di ọdún 1946. Irin dé Bouaké ní 1912, ó dé Bobo-Dioulasso ní 1934, ó sì dé Ouagadougou ní 1954, ìrìn tí ó lé ní kìlómítà 1,100. Àlàfo tí ó wà láàrin ọ̀pá irin méjèèjì jẹ́ mítà kan. Ọdún 1934 ni Abidjan fúnra rẹ̀ di olú ìlú. Ní 1957 ni wọ́n ṣí afárá Houphouët-Boigny, tí ó so Plateau pọ̀ mọ́ Treichville lórí ọ̀sà, tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ọkọ̀ ojú irin sì ń gbà kọjá.

Ibi tí ẹrù bá ti ń sọ̀kalẹ̀, ibẹ̀ ni oníṣòwò ń tẹ́ ẹní rẹ̀ sí. Àwọn Yorùbá pọ̀ ní Abidjan, àwọn ará ibẹ̀ sì ń pè wọ́n ní Anago. Àwọn ará Ẹ̀jìgbò pọ̀ púpọ̀ nínú wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí èdè Faransé kò fi ṣàjèjì létí ẹni tí ó bá ń ná ọjà ní Ẹ̀jìgbò lónìí. Òwò ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, oníṣòwò kò sì ní fẹ́ jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ àti ọjà. Bàbá Kékeré máa ń sọ pé owó ọkọ̀ tí òun kò san lóòjọ́ ni òun fi ń san owó ilé lóṣooṣù. Ẹ̀wẹ̀, ilẹ̀ ẹ̀bá irin kì í wu olówó. Ohun tí olówó bá sì kọ̀, owó rẹ̀ kì í wọ́n, òun ni tálákà ń rí rà tàbí yá.

Kì í ṣe Abidjan nìkan ni ọ̀ràn ti rí báyìí. Ní Èkó, ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Ìddó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ní Togo, irin láti Lomé dé Kpalimé ní 1907. Ẹni tí ó bá mọ Agége, Muṣin tàbí Òṣogbo mọ̀ pé níbikíbi tí ọkọ̀ bá ti ń dúró, ọjà a dìde, ilé a sì tẹ̀lé ọjà. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkàwé láti orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Abidjan nìkan ni mo ń sọ.

ÌDÍ TÍ ILÉ FI Ń MÌ

Ọkọ̀ ojú irin kò ní táyà rọ́bà bí mọ́tò. Irin ni ẹsẹ̀ rẹ̀, irin ni ojú ọ̀nà rẹ̀, bí irin bá sì ń yí lórí irin, kò sí ohun rírọ̀ kankan láàrin wọn tí yóò gba ìró náà mọ́ra. Àwọn tí ó tẹ́ irin láyé àtijọ́ tún máa ń fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàrin ọ̀pá kan àti èkejì. Wọn kò ṣe é ní àìbìkítà. Oòrùn a máa mú kí irin gùn sí i. Bí kò bá sí àyè tí yóò gùn sí, yóò wọ́, ọkọ̀ yóò sì yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá fo irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ni a ń gbọ́ ìró kàtà-kàtà tí gbogbo ọmọdé mọ̀. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n ti ń jó ọ̀pá irin pọ̀ mọ́ ara wọn, ariwo náà sì dín kù níbẹ̀.

Lábẹ́ irin ni igi tàbí kọnkéré ìdábùú wà, lábẹ́ ìyẹn ni òkúta wẹ́wẹ́ wà. Iṣẹ́ òkúta yìí ni láti pín ẹrù ọkọ̀ náà káàkiri ilẹ̀, kí ojú kan má bàa rì, àti láti jẹ́ kí omi òjò rí ibi ṣàn gbà. Síbẹ̀, ìmìtìtì tí ó kù á wọ inú ilẹ̀, a gba ìpìlẹ̀ ilé, a gun ògiri, a sì dé òrùlé páànù. Bí ọkọ̀ ẹrù tí ó gbé epo, sìmẹ́ǹtì tàbí àpótí ẹrù ńláńlá bá ń kọjá, abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù wa a máa gbá ara wọn, omi inú kòkò a sì máa yí òbíríkítí kékeré-kékeré. Ìyàwó Bàbá Kékeré kì í gbé ohun gíláàsì kankan sí etí tábìlì. Ọmọ àlejò tí kò mọ̀ ni ó máa ń gbé e síbẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní ílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìmìtìtì yìí. Ọjọ́ kan ṣoṣo kọ́ ni ó ń ba ilé jẹ́. Bí a bá fi búlọ́ọ̀kù tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kò tó mọlé, tí a kò sì gbẹ́ ìpìlẹ̀ jinlẹ̀, ẹ̀là tí kò ju irun orí lọ ní ọdún yìí lè di èyí tí ìka ọwọ́ ń wọ̀ ní ọdún mìíràn. Ọ̀nà rọrùn kan wà láti mọ ẹ̀là tí ó léwu. Kí a fi pẹ́ńsù fa ìlà sí òpin ẹ̀là náà lókè àti nísàlẹ̀, kí a sì kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá kọjá ìlà náà lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ilé náà ń rìn, ó sì yẹ kí a pe bíríkìlà kí òjò tó dé.

OHUN TÍ Ó MỌ́ ETÍ LÁRA, TÍ KÒ MỌ́ ARA LÁRA

Mo padà wá sí ọ̀rọ̀ oorun. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, àlejò kì í sùn. Bí ọkọ̀ òru bá fọn fèrè, yóò ta gìrì dìde jókòó. Lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, ọkọ̀ yóò kọjá, kò sì ní mọ̀. Èyí ni a ń pè ní mímọ́ lára. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìlera tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ wo ara ẹni tí ó ń sùn rí i pé, bí ẹni náà kò tilẹ̀ jí, ọkàn rẹ̀ ṣì máa ń sáré sí i nígbà tí ariwo bá ń kọjá. Etí ti gba ohun náà, ara kò tí ì gbà á. Ẹni náà yóò jí láàárọ̀, yóò sọ pé òun sùn dáadáa, kò sì ní mọ ìdí tí ó fi ń rẹ̀ ẹ́.

Dẹ́síbẹ̀lì ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn ariwo. Ohùn ènìyàn méjì tí ó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ó ti yẹ máa ń tó nǹkan bí 60. Ní ọdún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde fún ilẹ̀ Yúróòpù. Wọ́n gbani níyànjú pé kí ariwo ọkọ̀ ojú irin tí ó ń dé ibi tí ènìyàn ń gbé máa wà lábẹ́ 54 bí a bá ṣírò ọ̀sán àti òru pọ̀, kí ti òru nìkan sì máa wà lábẹ́ 44. Ẹ fojú inú wo ilé tí ó jìnnà sí irin ní ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá, tí fèrèsé rẹ̀ kò ní gíláàsì, tí òrùlé rẹ̀ sì jẹ́ páànù. Kò sí ẹni tí yóò ní kí a gbé ẹ̀rọ wá kí ó tó mọ̀ pé ilé náà ti kọjá ààlà.

Ẹ̀rí kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀. Ní ìlú New York ní Amẹ́ríkà, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà tí a ń pè ní Public School 98. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n gbé sókè lórí òpó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ sì ń kọjá ní bí ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ààbọ̀ sí ara wọn. Àwọn kíláàsì kan dojú kọ irin, àwọn mìíràn wà ní ẹ̀yìn ilé níbi tí ó parọ́rọ́. Arline Bronzaft àti Dennis McCarthy fi ìwé kíkà àwọn ọmọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wé ara wọn, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1975. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ ẹ̀gbẹ́ irin rẹ̀yìn, àti pé nígbà tí wọ́n bá fi dé kíláàsì kẹfà, wọ́n ti fi nǹkan bí ọdún kan rẹ̀yìn. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni, ìwé kan náà ni, ẹ̀gbẹ́ tí yàrá kọjú sí nìkan ni ó yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Wọ́n fi rọ́bà sábẹ́ irin, wọ́n sì fi ohun tí ń gba ariwo mọ́ra ṣe àjà kíláàsì. Nígbà tí Bronzaft tún wádìí, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1981, ìyàtọ̀ náà ti parẹ́. Bí ó bá ṣe pé ọpọlọ àwọn ọmọ náà ni kò jí pépé, rọ́bà abẹ́ irin kì bá tí lè wò ó sàn. Ariwo ni ó ń jí ẹ̀kọ́ wọn kó, bí a sì ti dá ariwo dúró, ẹ̀kọ́ padà sílé.

ỌMỌ TÍ A BÍ SÍ IBI Ẹ̀RÙ

Yorùbá ní bí ọmọdé bá dé ibi ẹ̀rù, ẹ̀rù a bà á. Òwe yìí tọ̀nà fún ọmọ tí ó dé ibi ẹ̀rù. Èwo ni ti ọmọ tí a bí síbẹ̀? Ọmọ tí ó kọ́ ìrìn lẹ́bàá irin kò rí irin bí ohun ẹ̀rù. Ó rí i bí ọ̀nà tí kò ní ẹrẹ̀ nígbà òjò, bí àga ìjókòó ní ìrọ̀lẹ́, àti bí ibi tí òkúta ìṣeré pọ̀ sí. Mo ti rí ọmọ tí ó ń dọ́gba ẹsẹ̀ rìn lórí ọ̀pá irin bí ẹni tí ń rìn lórí okùn. Mo ti rí ìyá tí ó sá aṣọ sórí òkúta rélùwéè. Mo ti rí ọjà tí wọ́n pa tì sí àárín irin, tí wọ́n ń kó kúrò bí fèrè bá dún, tí wọ́n sì ń tẹ́ padà kí eruku ọkọ̀ tó rọlẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí olùkọ́ fi yé irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀, nítorí pé «má ṣe» nìkan kì í tó.

Èkínní, ọkọ̀ ojú irin kò lè yà. Awakọ̀ mọ́tò lè yí ọwọ́ kó má bàa gbá ènìyàn, ṣùgbọ́n awakọ̀ ojú irin kò ní ohun tí yóò yí. Kò sì lè dúró lójijì. Irin tí ń yí lórí irin ń yọ̀, èyí ni ó jẹ́ kí ẹ̀rọ kan lè fa ẹrù tí ó ju ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí ó rọrùn láti fà ni ó mú kí ó ṣòro láti dá dúró. Ọkọ̀ ẹrù ńlá tí ó ń sáré lè rìn ju kìlómítà kan lọ lẹ́yìn tí awakọ̀ ti tẹ bíréèkì pátápátá. Nígbà tí awakọ̀ bá fi ojú rí ọmọ, ó ti pẹ́ jù.

Èkejì, ọkọ̀ náà fẹ̀ ju irin lọ. Ara rẹ̀ yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó sì lè tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, tí ó rò pé òun ti bọ́ sílẹ̀, lè má tí ì bọ́.

Ẹ̀kẹta, kí ọmọ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé etí. Ariwo ọkọ̀ tí ń bọ̀ níwájú kéré sí ti èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni. Ní àárín ọjà, gbohùngbohùn àti ẹnu ọkọ̀ gbaka tí ń pe èrò a máa bò ó mọ́lẹ̀. Àti pé etí ọmọ ojú irin ti kọ́ láti máa fò ó. Ohun tí ó jẹ́ kí ó sùn lóru ni ó lè pa á lọ́sàn-án.

Àgbà náà kò bọ́ nínú ewu yìí. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2023, ní agbègbè Ṣógúnlẹ̀ ní Èkó, ọkọ̀ ojú irin kọlu bọ́ọ̀sì tí ó kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, níbi tí títì ti dábùú irin. Ẹ̀mí ṣòfò, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fara pa. Ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lójoojúmọ́ ni.

TA NI Ó NI ILẸ̀?

Ohun kan tún wà tí kì í dún, tí kì í sì mi ilé, ṣùgbọ́n tí ó lè mú ilé kúrò lójú ilẹ̀ pátápátá. Níbikíbi tí irin bá gbà, ìjọba a máa ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, fún àtúnṣe, fún ààbò, àti fún ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fi irin kún irin. Ilẹ̀ yìí lè wà láìsí ohunkóhun lórí rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ẹni tí ó wá àyè yóò fi páànù bò ó, ọmọ rẹ̀ yóò fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ, ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò sì gba ayálégbé sí i. Nígbà náà, gbogbo ènìyàn yóò ti gbàgbé pé ilẹ̀ náà ní olówó. Èyí pẹ̀lú jẹ́ mímọ́ lára.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2017, Ààrẹ Alassane Ouattara àti Ààrẹ Emmanuel Macron ti ilẹ̀ Faransé fi ìpìlẹ̀ ọkọ̀ ojú irin ìgboro Abidjan lélẹ̀. Wọ́n ṣètò rẹ̀ láti rin nǹkan bí kìlómítà 37, láti Anyama ní àríwá, kí ó gba Abobo, Adjamé, Plateau àti Treichville, kí ó sì dé Port-Bouët létí òkun. Ojú ọ̀nà irin àtijọ́ ni apá tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ ń tẹ̀lé. Kí iṣẹ́ tó lè lọ, ilẹ̀ ìpamọ́ náà ní láti ṣófo. Wọ́n ka àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, wọ́n ṣètò owó gbà-má-bínú, wọ́n sì wó ilé àti ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò kan tẹ̀lé èkejì.

N kò kọ̀wé yìí láti bu ẹnu àtẹ́ lu ọkọ̀ náà. Ẹni tí ó bá ti dúró ní Abobo ní agogo mẹ́fà àárọ̀, tí ó ń dù láti wọ gbaka lọ sí Plateau, yóò gbà pé ìlú ńlá bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹni tí ó ní ìwé àti ẹni tí ó ní ẹnu nìkan. Nígbà tí wọ́n wá fi ọ̀dà sàmì sí ògiri agboolé wa, onílé mú ìwé rẹ̀ jáde. Nínú ayálégbé mẹ́fà, méjì péré ni ó ní rìsíìtì owó ilé. Bàbá Kékeré jẹ́ ọ̀kan, nítorí pé ìyàwó rẹ̀ a máa tọ́jú gbogbo bébà sínú agolo mílíìkì. Àwọn mẹ́rin tí ó kù ti gbé ibẹ̀ ju wa lọ, ṣùgbọ́n ọdún kò ní ọwọ́ tí yóò fi bu ìwé. Ìyàwó Bàbá Kékeré náà pàdánù ohun kan tí kò sí rìsíìtì fún: àwọn oníbàárà rẹ̀, tí wọ́n máa ń ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n bá ń kọjá lẹ́bàá irin, kò mọ ibi tí ó kó lọ.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó san owó ilé ní ẹ̀bá irin, yálà ní Abidjan, ní Cotonou, ní Lomé, tàbí ní Èkó, kí ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí ilẹ̀ rélùwéè parí sí. Kí ó má ṣe béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan.

IṢẸ́ TÍ Ó KÙ FÚN OLÙKỌ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò ní lágbára láti gbé irin kúrò lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa kò kéré.

Bí ọkọ̀ bá ń kọjá, ẹ jẹ́ kí a dákẹ́. Olùkọ́ tí ń bá ọkọ̀ ojú irin du ohùn yóò pàdánù, àwọn ọmọ tí ó wà lẹ́yìn kò sì ní gbọ́ ju ìdajì gbólóhùn lọ. Kí a dúró, kí ọkọ̀ kọjá, kí a sì tún gbólóhùn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí a bá ní yàrá méjì, kí a fi èyí tí ó jìnnà sí irin ṣe ibi ìkàwé àti àròkọ, kí a sì fi èyí tí ó sún mọ́ ọn ṣe ibi orin àti iṣẹ́ ọwọ́. Bí a bá ní owó díẹ̀, ògiri tí kò ní ihò ni kí a fi ṣe. Igi díẹ̀ tí a gbìn ní ìlà kan ń fúnni ní òjìji, ó sì dùn ún wò, ṣùgbọ́n kì í dá ariwo dúró tó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò.

Kí a sì mọ àwọn ọmọ wa. Àbúrò mi, ọmọ Bàbá Kékeré, a máa kígbe bí ó bá ń dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì. Olùkọ́ rẹ̀ kan kà á sí àìlẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń nà án. Kò sí ẹni tí ó sọ fún olùkọ́ náà pé ní ilé ọmọ yìí, ẹni tí kò bá kígbe kò ní rí ọbẹ̀ gbà. Ọmọ mìíràn ń tòògbé ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Ọmọ mìíràn ń gbàgbé àárín ìtàn, ó sì rántí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Kí a tó pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ tàbí olódo, ẹ jẹ́ kí a béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀: «Níbo ni o ń sùn, kí ni ó sì ń kọjá níbẹ̀ lóru?»

Àwọn òbí rẹ̀ kò ní sọ fún wa fúnra wọn, nítorí pé wọn kò gbọ́ ọ mọ́. Etí wọn ti dákẹ́ lórí ọ̀ràn náà. Ó di ọwọ́ ẹni tí ó ti òde wá, tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́, láti sọ ọ́ kí a sì wá nǹkan ṣe sí i. Iṣẹ́ yìí kò sí nínú sílábọ́ọ̀sì wa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ni.